Ohun Tí Kò Sí Nínú Ìwé Ọjà Màámi

Àbámẹ́ta, 6 oṣù Kẹsàn-án, 2025

Ó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án lónìí tí Màámi ti kú. Àǹtí Ọmọ́níkẹ́, àbúrò Dádì, wá láti Ìlúpéjú láàárọ̀, ó wo Dádì láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní aṣọ ló ń wọ Dádì báyìí, Dádì kọ́ ló ń wọ aṣọ. (Nínú ìwé yìí nìkan ni mo ti lè pe Àǹtí ní "ó".) Ó fún mi ní owó oúnjẹ ọ̀sẹ̀, ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó sì fún mi ní gbèdéke: Àìkú, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n. Bí Dádì kò bá máa jẹun bó ṣe yẹ nígbà náà, á kó wọn lọ sọ́dọ̀ ara rẹ̀, a ó sì dá kọ́kọ́rọ́ ilé Yábàá yìí padà fún lánlọ́ọ̀dù.

Mo ní, "Èmi ńkọ́, Àǹtí?"

Ó ní ẹni tó ní HND kò lè sọnù ní Èkó. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí Àǹtí ti wo ìta gbẹ̀yìn.

Ilé kọ́ ló ń dùn mí. Kíṣíìnì ni. Ìpọnbẹ̀ Màámi ṣì wà lẹ́yìn ìkòkò, ibi tí wọ́n fi í sí.

Àìkú, 7

Mo rí ìwé ọjà Màámi nínú dúrọ́ọ̀. Tíṣà ni wọ́n: bíírò pupa ni wọ́n fi kọ gbogbo rẹ̀, bíi ẹni tó ń máàkì ọjà. Tòmátò, tàtàṣé, ata rodo, àlùbọ́sà, òróró, ẹja. Ọ̀sẹ̀ tí owó bá kéré, wọ́n á fagi lé ẹja. Kò sí ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n fagi lé ata. Ní ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan, ọwọ́ ìkọ̀wé Dádì: "Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò." Iṣẹ́ ìjọba ni wọ́n ti fẹ̀yìn tì. Ilé ò tíì mọ̀.

Màá tẹ̀ lé ìwé yìí bí wọ́n ṣe kọ ọ́.

Ajé, 8

Mo se ọbẹ̀ ata bí ìwé ṣe wí. Ọ̀gá Àgbà (orúkọ tí mo fún Dádì láti kékeré) jẹ òkèlè méjì, wọ́n ti àwo sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bíi fáìlì tí kò sí owó nínú rẹ̀.

"Ọwọ́ ẹ ò burú."

Èsì tí wọ́n máa ń fún agbaṣẹ́ṣe tí kò ní rí iṣẹ́ gbà nìyẹn.

Ọjọ́bọ̀, 11

Olùkọ́ wa ní póli sọ pé ọlọ́gbọ́n oníbàárà ni ẹni tó pín owó rẹ̀ débi pé náírà tó ná kẹ́yìn lórí ata àti èyí tó ná kẹ́yìn lórí ẹran ń fún un ní ìgbádùn kan náà. Kò kọ́ wa ní ohun tí a máa ṣe bí ẹni tó ń jẹun kò bá gbádùn nǹkan kan mọ́. Bóyá ó wà nínú ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ìyanṣẹ́lódì ló jẹ ọ̀sẹ̀ yẹn.

Àbámẹ́ta, 13

Ọjà Sábó. Mo béèrè iye ata ní ìsọ̀ mọ́kànlá. Tòmátò níbì kan, rodo níbòmíràn, àlùbọ́sà lọ́wọ́ ẹnì kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bú mi. Owó tí mo fi pamọ́ tó ra ẹran, ohun tí kò sí nínú ìwé.

Màámi kì í béèrè káàkiri. Ọ̀dọ̀ Ẹ̀gbọ́n Àkàngbé ni wọ́n máa ń lọ tààrà, ọkùnrin kan ṣoṣo láàárín àwọn aláta. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Ìyá rẹ̀ ló ni ìsọ̀ náà kí orúnkún tó dá wọn jókòó sílé. Ata rẹ̀ fi igba náírà wọ́n ju ti gbogbo ọjà lọ. Ẹni tó kàwé nípa káràkátà kì í ra irú ata bẹ́ẹ̀. Mo gba ẹ̀yìn ìsọ̀ rẹ̀ kọjá.

Àìkú, 14

Ọbẹ̀ ẹlẹ́ran. Òkèlè mẹ́ta. Láti méjì sí mẹ́ta, ìdàgbàsókè ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún nìyẹn. Ìjọba ì bá ti pe àwọn oníròyìn.

Ọjọ́rú, 17

Ará ìsàlẹ̀ ń se ẹ̀fọ́, òórùn irú gòkè wá. Dádì ní kí n ti fèrèsé. "Irú ò wọ ilé yìí rí, láti ọdún 1994 tí mo ti gbéyàwó." Wọ́n máa ń sọ ọ́ bíi oríkì. Tí wọ́n bá ti sọ ọ́, Màámi á bú sẹ́rìn-ín láti kíṣíìnì.

Mo dúró de ẹ̀rín náà. Jẹnẹrétọ̀ àdúgbò ni mo gbọ́.

Nígbà tí wọ́n ń ti àwo sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n ní, "Ọbẹ̀ yìí ò burú. Kò kàn mọ̀ mí ni."

Ẹtì, 19

Mo lá àlá ọbẹ̀ Màámi. Mo jí pẹ̀lú ebi. Mo jẹ búrẹ́dì. Ebi náà ò lọ.

Àbámẹ́ta, 20

Ẹja ni mo rà lọ́sẹ̀ yìí dípò ẹran. Ẹ̀yìn ìsọ̀ ni mo tún gbà. Ẹ̀ẹ̀mejì, ní lílọ àti ní bíbọ̀.

Òkèlè méjì.

Ìṣẹ́gun, 23

Àǹtí pè. Ó ti ya yàrá sọ́tọ̀ fún Dádì, ó ti ra kọ́tìnnì. Ẹni tó bá ti ra kọ́tìnnì ti pinnu.

Kò sẹ́ni tó ń ka ìwé yìí, nítorí náà màá kọ ọ́. Kì í ṣe igba náírà. Oṣù Kẹta ni àìsàn ti dá Màámi dúró láti máa lọ sọ́jà, Ògbómọ̀ṣọ́ la sì sin wọ́n sí. Ẹ̀gbọ́n Àkàngbé ò gbọ́. Bí mo bá yà níbẹ̀, á bi mí pé, "Màámi ńkọ́?" Ní gbogbo Èkó, ìsọ̀ yẹn nìkan ni Màámi kò tíì kú sí. Mi ò fẹ́ jẹ́ ẹni tó máa pa wọ́n níbẹ̀.

Àbámẹ́ta, 27

Mo lọ. Ó ń wọ́n omi sórí tàtàṣé, kò tiẹ̀ gbójú sókè.

"Ọmọ Tíṣà. Ẹ̀ẹ̀mẹta lo ti gba ẹ̀yìn ìsọ̀ mi kọjá bíi ológbò tó jí ẹja."

Mo ní, "Ẹ má bínú, Ẹ̀gbọ́n."

"Igba náírà ló lé ẹ, àbí? Àwa náà mọ̀ pé ata wa wọ́n. Màámi ńkọ́?"

Mo ti to gbólóhùn kan sílẹ̀ láti ojú ọ̀nà. Ó dáa, ó ní ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin. Ohun tó jáde ni, "Wọ́n ti kú, Ẹ̀gbọ́n. Láti oṣù Keje."

Ó jókòó sórí apẹ̀rẹ̀ tòmátò. Tòmátò fọ́ lábẹ́ rẹ̀, kò dìde. Obìnrin kan bi í pé èló ni rodo, ó nawọ́ sí ìsọ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Báyìí, Màámi ti kú ní gbogbo Èkó.

Nígbà tó yá, ó wọn ata mi. Ó bọ ọwọ́ sábẹ́ tábìlì, ó mú nǹkan kan tí wọ́n fi ewé wé jáde. "Èènì wọn nìyí."

Irú ni. Mo sọ fún un pé a kì í jẹ irú nílé wa.

"Ta ló sọ fún ẹ? Ìyá mi ló ń se é. Àwọn ló kọ́kọ́ ń fún Màámi kí n tó gba ìsọ̀. Gbogbo Àbámẹ́ta. Wọ́n á ní, 'Àkàngbé, wé e lẹ́ẹ̀mejì, kí ọ̀gá ilé mi má gbóòórùn ẹ̀.' Wọ́n ní gígún ni àwọn ń gún un, kó lè pòórá sínú ọbẹ̀."

Èènì. A kì í sanwó èènì, a kì í sì í kọ ọ́ sínú ìwé. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Ọ̀gá Àgbà fi ń fọwọ́ sí ìwé tí ohun tó ń gbé òkèlè wọn lọ kò sí nínú rẹ̀. Èmi náà tẹ̀ lé ìwé yẹn lẹ́sẹẹsẹ, mo sì ń sá fún igba náírà tí irú wà nínú rẹ̀.

Àìkú, 28

Mo gún irú nígbà tí Dádì wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo ti ilẹ̀kùn, mo ṣí fèrèsé, bíi ẹni tó ń tẹ ayédèrú owó. Kò sí ẹran, kò sí ẹja. Ata nìkan, bíi ti ọ̀sẹ̀ tí Màámi bá fagi lé nǹkan.

Àǹtí dé pẹ̀lú báàgì ńlá méjì tó ṣófo. Ó gbé wọn jókòó sórí àga bíi àlejò.

Òkèlè kìíní. Dádì dáwọ́ dúró lórí àwo. Mo rò pé ó ti parí. Mo ti ń ṣírò ohun tí màá kó nínú kíṣíìnì: ìpọnbẹ̀, ìwé ọjà.

Òkèlè kejì. Ìkẹta. Nígbà tó di ìkẹrin, mi ò kà á mọ́. Òógùn bò wọ́n níwájú orí. Wọ́n ní kí n bu ẹ̀bà sí i.

Àǹtí bi mí pé kí ni mo fi sí i. Mo ní ata. Ó wo àwo, ó wo Dádì, ó ká báàgì méjèèjì pọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó ní òun kàn mú wọn wá fi kó aṣọ ìfọ̀ ni. Ó kó àwo lọ sí kíṣíìnì.

Ọ̀gá Àgbà dúró títí omi fi ń ró nínú síńkì. Wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀.

"Abọ́dúndé. Ìyá ẹ máa ń gún un kúnná ju báyìí lọ."