Iwájú Ilé Ìyá Bethany

Làtíìfù ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ, mo kí àwọn ọmọ, mo kí ilé tí ẹ ń gbé n'Íbàdàn láti ẹnu ọ̀nà dé ẹ̀yìnkùlé. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ẹ rí ibi. Tí ẹ bá ń bèèrè mi, ara mi le, ọkàn mi ni kò le. Gàníyù tó ń bọ̀ wálé lọ́jọ́ Jímọ̀ ni mo fi lẹ́tà yìí rán, mi ò fẹ́ sọ ọ́ sínú fóònù, nítorí fóònù tí Àmínát àbúrò rẹ rà fún mi yìí, gbogbo ohun tí mo bá sọ sínú rẹ̀ ló ń tọ́jú pa mọ́, tó bá yá ó lè lọ rò ó fún un. Ẹ̀kọ́ àgbà tí mo kọ́ lábúlé ló gbà mí lónìí.

Nusaybah tí mo wá tọ́jú nílùú òyìnbó níbí ti pé oṣù mẹ́rin, ó ti ń rẹ́rìn-ín. Bí Àmínát ìyá rẹ̀ bá ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ ni Nasir ọkọ rẹ̀ ń lọ, wọ́n á kí ara wọn lẹ́nu ọ̀nà bí àlejò, èmi àti ọmọ ló kù. Irin kan wà lára ògiri tó máa ń gbóná, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ la máa ń jókòó sí. Aago ẹnu ọ̀nà wọn ní ojú, ó sì ń sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kan Nasir kí mi látinú rẹ̀, mo ní kó jáde wá jẹun kí òtútù má pa á síbẹ̀, àṣé ibi iṣẹ́ ló wà. Mi ò sì tíì kírun Alaásárì tán tí ilẹ̀ á ti ṣú. Àmínát ní ìjọba ló fi wákàtí kan dá aago padà. Mo bèèrè pé wákàtí tí wọ́n yọ yẹn, ibo ni wọ́n kó o sí, wọ́n kàn ń fi mí rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé ẹnìkan ń jèrè níbẹ̀.

Àwọn igi àdúgbò wa ní Peckham yìí ń já ewé sílẹ̀ tọ̀sán tòru. Mo kọ́kọ́ rò pé wọ́n ti kú ni, mo ní kí Nasir bẹ onílé kó gé wọn kí wọ́n tó wó lù wá, ó ní wọn ò kú, bí wọ́n ṣe ń ṣe lásìkò yìí nìyẹn. Mo bá ra ìgbálẹ̀ lọ́jà Rye Lane, mo ń gbá iwájú ilé láràárọ̀, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ọ sọ ti bẹ̀rẹ̀.

Òyìnbó kan ń dá gbé nílé tó tẹ̀ lé tiwa, Bethany lorúkọ rẹ̀, ó jù mí lọ dáadáa. Mo bèèrè orúkọ ọmọ rẹ̀ kí n lè mọ bí mo ṣe máa pè é, Àmínát ní kò bímọ. Ẹnu mi ò sì gbà á kí n máa pe àgbàlagbà lórúkọ, mo bá sọ ọ́ ní Ìyá Bethany, mo fi òun fúnra rẹ̀ ṣe ọmọ ara rẹ̀. A ò gbédè ara wa. Tó bá juwọ́ lójú fèrèsé, èmi náà á juwọ́. Mo gbé mọ́ínmọ́ín fún un nígbà kan, kò dá àwo padà lófìfo, ápù mẹ́ta ló kó sínú rẹ̀. Wọ́n kọ́ ìyá náà nílé.

Ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n dá aago padà, mi ò rí i lójú fèrèsé mọ́. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ewé ti bo ẹnu ọ̀nà rẹ̀, iná sì ń tàn nínú ilé lọ́sàn-án gangan. Mo ní mo fẹ́ lọ kan ilẹ̀kùn. Àmínát ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, wọn kì í lọ kan ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn níbí. Wọ́n lè pe ọlọ́pàá, físà lẹ sì fi wà níbí.” Nasir ní ó ṣeé ṣe kó ti lọ sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀. Làtíìfù, lábúlé wa, bí àgbà ò bá jáde títí oòrùn fi yọ, ta ló ń dúró gbàṣẹ kó tó wọlé tọ̀ ọ́? Ṣùgbọ́n ilé wọn ni mo wà, mo gbọ́ tiwọn. Mo ní kí n kúkú ṣe èyí tí ẹnikẹ́ni ò ní bá mi wí sí. Mo ń gbá iwájú tirẹ̀ mọ́ tiwa láràárọ̀, títí dé ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn, kó má baà jáde bá ìdọ̀tí.

Ọjọ́ kẹsàn-án ni ẹni tó máa ń gbé oògùn wá fún un pe ọlọ́pàá, wọ́n sì já ilẹ̀kùn. Ilé ìdáná ló ṣubú sí. Ó ti kú.

Simeon tó ń gbé lódìkejì títì, ọmọ Ìjẹ̀bú ni, ìjọ aláṣọ funfun ló ń lọ, ó wá bá mi dúró níta. Ó ní tóun bá ti iṣẹ́ òru dé, òun máa ń wo ẹnu ọ̀nà ìyá yẹn kóun tó wọlé. Ó ní, “Mummy, òun fúnra rẹ̀ ni mo rò pé ó ń gbá ewé ibẹ̀. Ká ní ewé yẹn ń pọ̀ sí i ni, ǹ bá ti kan ilẹ̀kùn.”

Kò mọ̀ pé èmi ni. Mi ò lè sọ fún un, mi ò sì tíì sọ fún Àmínát, nítorí ó ti ń sunkún pé òun lòun dá mi dúró. Ìwọ ni mo sọ fún. Lọ bá Alfa wa, má dárúkọ mi, bi í bóyá ẹ̀ṣẹ̀ wà lọ́rùn ẹni tó gbálẹ̀ fún aládùúgbò tí kò kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Bá mi ṣe sàráà, kí wọ́n din àkàrà fún àwọn ọmọ kéwú. Mi ò ní owó tí mo lè fi ránṣẹ́, nítorí owó ibí kì í jáde, inú páálí pelebe kan ló ń gbé, Àmínát á fi kan ẹ̀rọ, ẹ̀rọ á ké, a ó sì kó ẹrù wa lọ. Kó o sì bá mi wá owó ọkọ̀ òfuurufú sílẹ̀. Mi ò ní fi Nusaybah sílẹ̀ kí àsìkò tó pé, mo kàn fẹ́ mọ̀ pé ọ̀nà ilé wà ni.

Ó ku ẹyọ kan. Ọlọ́pàá sọ fún Nasir pé ìyá yẹn ò kú lọ́jọ́ tó ṣubú, pé ó tó ọjọ́ mẹ́rin tó fi wà láàyè nílẹ̀ níbẹ̀. O mọ̀ mí, mi ò lè gbálẹ̀ kí n má kọ orin wákà. Ó ń gbọ́ ohùn mi, Làtíìfù.

Ọlọ́run á fi ẹni tó máa kan ilẹ̀kùn sí ìtòsí rẹ, títí ọjọ́ ogbó. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ,
Kúbúrá