Èmi Ni Mo Sọ Pé O Kò Sí Nílé

Ọmọ ọmọ mi, Afẹ́fẹ́ tí ń gun òkè,

Mo kí ọ láti orí bẹ́ńṣì iwájú ilé wa, níbi tí oòrùn àárọ̀ ti ń ta sí mi lórúnkún. Ṣé dáadáa ni o jí? Ṣé ẹsẹ̀ méjèèjì tí gbogbo ayé ń sọ̀rọ̀ wọn yẹn kò dùn ọ́? Ọlọ́run tó fi agbára sínú wọn kò ní gbà á padà. O kò ní ṣubú ní kọ́nà, táyà rẹ kò ní bẹ́ lójú ọ̀tá, ẹ̀yìn rẹ ni gbogbo wọn yóò máa wò títí ẹ ó fi dé òpin. Àmín.

Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ lẹ́tà yìí. Olùkọ́ wa ní ilé ẹ̀kọ́ àgbà ní òun lè bá mi kọ ọ́, mo ní rárá o, ẹnu mi ló ba nǹkan jẹ́, ọwọ́ mi ni yóò tún un ṣe. Ó wá ní kí n má fi òwe kankan sí i, nítorí àwọn ará ọ́fíìsì tí yóò kà á lè rò pé mò ń sá fún ọ̀rọ̀. Ìyẹn le fún mi ju ìwé kíkọ fúnra rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n mo gbé gbogbo wọn mì. Ibi tí o bá ti rí i pé mo fi bírò pa nǹkan rẹ́, òwe ló wà níbẹ̀.

Ìyá rẹ wà ní àlàáfíà, ó ṣì ń bá ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tí kò fẹ́ tì jà. Aránṣọ ẹ̀gbẹ́ ilé wa kò ì jẹ́ kí a gbàgbé ọjọ́ tí o borí. Ó gbé fóònù rẹ̀ ti ẹ̀rọ ìránṣọ lọ́jọ́ náà, àwa mẹ́tàdínlógún sì rọ̀gbà yí i ká bí ẹni ń yáná. Nígbà tí ẹ dé ibi tí òkè yẹn ti dúró ṣánṣán bí ògiri, tí àwọn yòókù ń mì lọ́tùn-ún lósì lórí kẹ̀kẹ́ wọn, ìwọ dìde lórí ìjókòó, o bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ bí ìgbà tí o ń gbé búrẹ́dì lọ sí ilé ìwòsàn orí òkè kí o tó lọ sílé ìwé. Oníbúrẹ́dì ti kìlọ̀ fún ọ nígbà náà pé bí búrẹ́dì bá tutù kí o tó dé òkè, kí o má wulẹ̀ padà wá gba òmíràn. Ọdún mẹ́fà gbáko, búrẹ́dì kan ṣoṣo kò tutù lọ́wọ́ rẹ. Mo pariwo débi pé aránṣọ gún ara rẹ̀ lábẹ́rẹ́, kò sì bínú.

Ṣùgbọ́n ní alẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni ọkùnrin inú rédíò ti ní kò sí bí omi lásán ṣe lè gbé ènìyàn gun irú òkè bẹ́ẹ̀, pé ó ní láti jẹ́ pé nǹkan kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ. Mo dá a lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, èmi ni mo wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Kò gbọ́.

Nígbà tí o wálé sinmi, o ṣàlàyé fún mi pé ọ́fíìsì kan wà tí o gbọ́dọ̀ máa kọ ibi tí o ń sùn ránṣẹ́ sí lójoojúmọ́, àti wákàtí kan tí wọ́n lè bá ọ níbẹ̀. Inú mi dùn sí àwọn ènìyàn wọ̀nyí. Ìyá tó bí ọ gan-an kì í béèrè tó bẹ́ẹ̀. O tún ní wọ́n ṣe páásípọ́ọ̀tù fún ẹ̀jẹ̀ rẹ, ìwé tí wọ́n fi ń ṣọ́ bí ó ṣe ń yí padà. Mo ní ayé ti lajú o, èmi tí mo ti di àgbàlagbà kò ní páásípọ́ọ̀tù, ẹ̀jẹ̀ ọmọ ọmọ mi ní. Ṣùgbọ́n o kò sọ fún mi pé wọ́n máa ń wá sílé, ọmọ mi. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti dé bá mi.

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́rú kan nínú ìsinmi rẹ yẹn, mò ń gbálẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí ọkùnrin kan àti obìnrin kan dúró sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n gbé àpótí kékeré kan bíi ti ẹni tó ń ta omi tútù. Wọ́n kí mi dáadáa. Wọ́n bọ́ bàtà. Wọ́n fi káàdì kan hàn mí, mo ka lẹ́tà mẹ́ta àkọ́kọ́, mo sì dá a padà kí wọ́n má bàa mọ̀ pé ibẹ̀ ni mo kà dé. Wọ́n ní ìwọ ni àwọn fẹ́ rí. Mo ní kí ni ẹ fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Obìnrin náà rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní ìtọ̀ díẹ̀ ni, Màmá.

Afẹ́fẹ́ mi, kí ni ìwọ ìbá rò? Àgbàlagbà méjì tó wọ aṣọ tó mọ́, wọ́n ní ìtọ̀ ni àwọn ń wá káàkiri ní kùtùkùtù. Mo rò pé àwọn ará rédíò ló tún rán wọn wá fi ọ́ ṣẹ̀sín. O sì ń sùn nínú yàrá, ẹsẹ̀ rẹ méjèèjì lórí ìrọ̀rí bí mo ṣe gbé wọn sí, ojú ìbọ̀sẹ̀ ṣì wà lára wọn bí ojú okùn. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti ọjọ́ tí o ti dé tí o sùn tí o kò yí ara. Mo ní o kò sí nílé. Mo ní o ti jáde láti àná.

Ọkùnrin náà na ọwọ́ sí kẹ̀kẹ́ rẹ tó fara ti ògiri pálọ̀. Ó ní ti ta wá nìyí. Mo ní tèmi ni. Ó wo kẹ̀kẹ́, ó wo orúnkún mi, ó tún wo kẹ̀kẹ́. Ó ní ṣé mo máa ń fi gun òkè ni. Mo ní díẹ̀díẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín o, ó kàn ń kọ ọ́ sílẹ̀ ni. Wọ́n jókòó fún odindi wákàtí kan lórí bẹ́ńṣì yìí, wọn kò gba omi tí mo bù fún wọn, wọ́n fún mi ní ìwé kan tí òǹtẹ̀ wà lórí rẹ̀, wọ́n dúpẹ́, wọ́n lọ. Nígbà tí o jí ní aago mẹ́sàn-án, mi ò sọ fún ọ, kí ìrònú má bàa dí ọ lọ́wọ́ láti tún sùn lọ́sàn-án.

Ìwé náà, mo kà á títí mo fi rí orúkọ rẹ. Mo rí òǹtẹ̀. Mo ní ìwé ìkíni kú oríire ni. Lẹ́yìn tí o lọ tán ni mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò rẹ, gbogbo àlejò tó bá wọlé ni mo sì ń fi hàn. Sípánà tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní ọ̀kánkán wa nu ọwọ́ kí ó tó fọwọ́ kàn án.

Ní Ọjọ́ Ẹtì tó kọjá ni olùkọ́ ka ìwé ìròyìn fún wa ní kíláàsì. Wọ́n ní àwọn tó ń yẹ ìtọ̀ eléré wò bóyá oògùn agbára wà níbẹ̀ kò bá ọ nílé lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín ọdún kan, àti pé ẹni tí wọn kò bá lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ojú ẹni tó lo oògùn agbára ni wọ́n fi ń wò ó. Wọ́n ní ti àkọ́kọ́, ọkọ̀ òfurufú ló pẹ́, ti èkejì, o gbàgbé láti yí àdírẹ́sì padà. Ti ẹ̀kẹta, o ní o wà nílé, o ń sùn, ẹnikẹ́ni kò pè ọ́. Ìwé ìròyìn ní àwọn aláṣẹ kò gbà ọ́ gbọ́, pé wọ́n lè lé ọ kúrò nínú ìdíje fún ọdún mẹ́rin. Mo dìde ní kíláàsì, mo ní irọ́ ni, mo ní àwọn aláṣẹ fẹ́ràn ọ, kí olùkọ́ bá mi kálọ sílé wá wo ìwé tí wọ́n kọ.

Ó tẹ̀lé mi. Ó ka ìwé ara ògiri. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó jókòó láìjẹ́ pé mo fún un ní àga. Ó wá kà á sókè fún mi. Ó ní ìwé náà sọ pé àwọn dé ní aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ìyá àgbà kan ní eléré náà kò sí nílé. Mo kúnlẹ̀ níbẹ̀, èmi tí orúnkún mi kì í tẹ̀. O kò fura sí mi rí. O ń sọ òótọ́ fún gbogbo ayé, èmi ni mo fi irọ́ mi bò ọ́ mọ́lẹ̀.

Olùkọ́ ní kí n dìde, pé ìwé ọ̀hún kò tíì parí. Ó ní wọ́n tún kọ ọ́ síbẹ̀ pé kẹ̀kẹ́ ìdíje kan wà ní pálọ̀, ìyá àgbà náà ní tòun ni, ó ní òun máa ń fi gun òkè díẹ̀díẹ̀. Ó bi mí ta ló máa gba èyí gbọ́. Ó ní ẹni tó bá ka ìlà yìí, tó sì rí mi lójúkojú, yóò mọ̀ pé kẹ̀kẹ́ rẹ wà nílé lọ́jọ́ náà, yóò sì mọ ẹni tó purọ́. Sípánà ní òun náà yóò fọwọ́ sí i pé òun fẹ́ táyà rẹ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, o sì ń gùn ún káàkiri iwájú ilé. Ó rẹ́rìn-ín mi títí ó fi jókòó sínú táyà.

Mo ti ṣí ìwé náà kúrò lára ògiri, ó wà nínú àpòòwé yìí. Gbé e lọ fún wọn pẹ̀lú lẹ́tà mi ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ tí wọn yóò dá ẹjọ́ rẹ. Fi owó ọkọ̀ èmi àti olùkọ́ ránṣẹ́, mo fẹ́ wá dúró níwájú wọn kí wọ́n wo orúnkún mi. Jọ̀wọ́, fi í rán awakọ̀. Èyí tí o fi sínú fóònù níjọ́sí, mo gbọn fóònù náà títí, kò já bọ́. Mo sì ti gba ìgò kan tó ní ìdérí lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn orí òkè, bí wọ́n bá ní ìtọ̀ ọjọ́ náà ṣì kù lọ́rùn rẹ, n ó fi tèmi dí i. Nọ́ọ̀sì ní wọn kì í ṣe é bẹ́ẹ̀. Mo ní ẹ̀jẹ̀ kan náà ni, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ni mí, Afẹ́fẹ́. Ọdún mẹ́rin pọ̀ jù fún mi láti máa dúró de ìgbà tí o tún máa gun òkè. Kí Ọlọ́run la ojú wọn sí òótọ́ rẹ, kí ó sì dárí irọ́ mi jì mí. Sùn dáadáa. Bí wọ́n bá tún kan ilẹ̀kùn mi, n ó ru ọ́ jáde fún wọn pẹ̀lú ìrọ̀rí.

Mi ò tẹ ìka o, mo buwọ́ lù ú.

Èmi ni ìyá ìyá rẹ, tó ní kẹ̀kẹ́ fún wákàtí kan péré.