Abọ́ Tí Mò Ń Dá Padà

Ọjọ́ Ajé, 1 oṣù Kẹsàn-án, 2025

Nọ́ọ̀sì ní ìtọ̀ ṣúgà ló ń ṣe mí. Jẹ́jẹ́ ló fi Twi sọ ọ́, bí ẹni tó ń tọrọ iyọ̀. Fùfú alẹ́, kí n jáwọ́. Búrẹ́dì, kí n jáwọ́. Kí n máa fẹsẹ̀ rìn láràárọ̀. Ó wá bi mí ohun tí mo máa ń jẹ nígbà tí inú bá ń bí mi. Ta ló sọ fún un pé inú ń bí mi?

Mi ò ní sọ fún Baba Béèlì. Ọkọ mi nìyẹn. Òkìrìkà ló ń tà ní ọjà Kantamanto, ní Accra níbí, ojú tó sì fi ń wo béèlì ọjà rẹ̀ ló fi ń wo obìnrin: èyí tí kò tíì tú ló máa ń wù ú. Nínú ilé wa, ọ̀dọ̀ ẹni tó bá dáná ni ọkọ ń sùn. Ọjọ́ méjì tèmi, ọjọ́ méjì ti Ìdíátù ìyàwó. Tó bá gbọ́ pé ara mi ò yá, á gba ìdáná lọ́wọ́ mi, á ní àánú ló ń ṣe òun. Mo mọ àánú rẹ̀.

Nínú ìwé yìí, Àlejò ni màá máa pe àìsàn náà.

Ọjọ́rú, 3 oṣù Kẹsàn-án

Mo rìn dé Alájò lẹ́yìn ìrun àsùbáà. Orúnkún ń ké. Àwọn tó ń ta oúnjẹ kẹ́ńkẹ̀ ń pè mí, Alata, ta ló ń lé ọ? Alata ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbí. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Mo délé, Afeefah ọmọ mi ti jẹ́ kí ẹ̀kọ jóná, mi ò sì jágbe mọ́ ọn. Ẹnu yà á. Ẹnu ya èmi gan-an.

Ọjọ́ tèmi ni. Mo se ẹ̀fọ́, mo fi ẹja díẹ̀ sí i. Baba Béèlì jẹ ẹ́, ó ní ṣé ewúrẹ́ ni òun ni. Ó sùn lọ́dọ̀ mi ṣá.

Ọjọ́ Jímọ̀, 5 oṣù Kẹsàn-án

Ó kan Ìdíátù. Lẹ́yìn ìrun alẹ́ ló gbé fùfú wá, pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹyìn, abọ́ kún dẹ́nu. Mo ní mo ti yó. Mo gbé e fún Afeefah.

Ẹlẹ́rìn-ín ni mò ń pe Ìdíátù níbí. Ó ń lọ ata, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ń ka aṣọ, ó ń rẹ́rìn-ín. Lálẹ́ yìí mo tún gbọ́ ọ láti yàrá kejì, tòun ti Baba Béèlì. Mo jókòó sórí ibùsùn, mo já agolo mílíìkì, mo ń ti bísíkíìtì bọ̀ ọ́. Ọjà tí mo fẹ́ gbé lọ sí ṣọ́ọ̀bù mi ni o. Ebi ò pa mí rárá.

Àbámẹ́ta, 6 oṣù Kẹsàn-án

Mi ò rìn. Ojú tì mí.

Ìṣẹ́gun, 9 oṣù Kẹsàn-án

Mo ti rí ìdí rẹ̀. Ọjọ́ tí mo bá rìn, ọ̀fun mi kì í wá nǹkan dídùn, ẹ̀rín yẹn á sì kọjá létí mi bí ariwo ọkọ̀. Ọjọ́ tí mo bá jókòó, á wọ inú mi lọ tààrà, màá wá fi búrẹ́dì dí ojú ibẹ̀. Tí mo bá jẹ búrẹ́dì náà tán, inú á tún bí mi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìbínú ń pe oúnjẹ, oúnjẹ ń pe ìbínú. Èmi ni wọ́n sọ di ọ̀nà tí wọ́n ń gbà.

Ìdíátù tún gbé fùfú wá. Afeefah ló jẹ ẹ́.

Àbámẹ́ta, 13 oṣù Kẹsàn-án

Mo ń rìn lójoojúmọ́ báyìí. Ìró mi ti ń tú ní ìbàdí, mo ń tún un ró. Inú mi dùn, mi ò puró.

Àmọ́ lálẹ́, Afeefah fi Twi dá mi lóhùn pé òun náà ti yó, kí n má da oúnjẹ lé òun lórí mọ́. Mo dá abọ́ padà bó ṣe wà. Ẹlẹ́rìn-ín gbà á, kò rẹ́rìn-ín. Ó bi mí bóyá iyọ̀ ló pọ̀ jù. Mo ní rárá. Ó dúró bíi pé mo ṣì ní ọ̀rọ̀ láti sọ, lẹ́yìn náà ó lọ.

Ọjọ́ Ajé, 15 oṣù Kẹsàn-án

Oníbàárà kan wá ra ọṣẹ. Ó ní Ìyá Afeefah, ẹ ti rù, ṣé kò sí nǹkan o? Obìnrin kejì tó wà níbẹ̀ ò sọ̀rọ̀, ó kàn fi ojú bá a sọ ọ́. Mo mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ìyálé tó ń rù, ìyàwó tó ń dán.

Ọjọ́bọ̀, 18 oṣù Kẹsàn-án

Baba Béèlì wọ yàrá mi lọ́jọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ mi. Kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ó dúró, kò jókòó. Ó ní gbogbo àdúgbò wa ní Kotobabi ti ń sọ pé mi ò jẹ oúnjẹ Ìdíátù mọ́, pé Ìdíátù ń sunkún. Ó ní kí ni mo rí nínú ọbẹ̀ náà?

Mo gbàgbé. Èmi tí mo dàgbà sílé olórogún, mo gbàgbé pé ìyálé tó bá ń dá abọ́ ìyàwó padà ti pè é ní apànìyàn, bí kò tilẹ̀ yanu. Ṣúgà nìkan ni mo rò.

Orúkọ Àlejò dé ọ̀fun mi. Mo gbé e mì. Mo ní kò sí nǹkan kan.

Ó ní, “Tí kò bá sí nǹkan, wàá jẹ ẹ́ lójú gbogbo wa lọ́jọ́ Àìkú.”

Ọjọ́ Jímọ̀, 19 oṣù Kẹsàn-án

Búrẹ́dì odidi kan, lẹ́yìn páálí ọṣẹ, ní ìdúró.

Ọjọ́ Àìkú, 21 oṣù Kẹsàn-án

Àlájì Àrówólò, ẹ̀gbọ́n Baba Béèlì, wá láti àdúgbò Lapaz. Gbogbo wa jókòó ní pálọ̀. Ìdíátù kúnlẹ̀, ó kọ́kọ́ bu òkèlè kan níbẹ̀, ó gbé e mì. Ó gbé abọ́ síwájú mi. Inú rẹ̀ ò dùn sí i, mo rí i, ó sì dùn mí pé mo rí i.

Mo jẹ ẹ́. Mo jẹ gbogbo rẹ̀. Ìgbéraga wá gùn mí, mo na abọ́ sí i, mo ní, “Ìyàwó, bù sí i.” Wọ́n rẹ́rìn-ín, Àlájì ṣàdúà. Mo jẹ ìkejì náà tán.

Òùngbẹ ń gbẹ mí. Ilé ìtọ̀ ni mo ń lọ, ilé ìtọ̀ ni mo ń bọ̀. Ojú mi ń ṣú bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ọjọ́ Ajé, 22 oṣù Kẹsàn-án

Àlájì sùn sílé wa. Lẹ́yìn ìrun àsùbáà, Baba Béèlì pè wá. Inú rẹ̀ dùn, ojú rẹ̀ ń dán. Ó ní, “Fáòsíà, o ti dàgbà. Nígbà tí ọbẹ̀ Ìdíátù ti bá ọ lẹ́nu mu tó báyìí, kí lo tún ń wá nídìí ààrò? Kó máa dáná fún gbogbo wa. Ìwọ jókòó.” Àlájì ní ọ̀rọ̀ àgbà nìyẹn.

Ìdíátù ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n fi ọjọ́ ìyálé òun sílẹ̀ fún un. Baba Béèlì fi ọwọ́ lé ọ̀rọ̀ náà dànù. Gbogbo wọn wá ń wò mí. Kí ni mo lè wí? Ẹni tó ní kí wọ́n bu ìkejì. Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́.

Ìgbà tí wọ́n jáde tán ni mo tó sọ ọ́. Mo ní ìtọ̀ ṣúgà ló ń ṣe mí. Ògiri ló gbọ́.

Ọ̀la ì bá jẹ́ ọjọ́ tèmi. Mo ti rẹ ẹ̀wà sómi. Ìdíátù ṣẹ̀ṣẹ̀ kan ilẹ̀kùn ni, ó ń béèrè bóyá kí òun bá mi sè é. Mo ní kó sè é.