Mọ́tò Tí Kò Ní Táyà

Àkẹ́jù ọmọ mi,

Mo kí ọ títí, mo sì kí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ. Ṣé ara le, ṣé o ń jẹun kí o tó jókòó ti àwọn wáyà rẹ? Ẹni tó mú ọ dé ìlú ńlá kò ní já ọ sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Bàbá rẹ ń kí ọ. Ẹsẹ̀ mi ọ̀tún ṣì ń ṣe bí ẹsẹ̀ àlejò, ṣùgbọ́n a dúpẹ́.

Nígbà tí o kọ̀wé pé o ti ṣe ohun tó ń darí mọ́tò, pé o sì ń fi mọ́tò kan ránṣẹ́ sí mi, mo gbá iwájú ilé, mo ní kí bàbá rẹ kó igi ìdáná kúrò kí ọkọ̀ lè ráyè. Àfi bí dírẹ́bà ṣe gbé páálí tí kò tó búrẹ́dì lé mi lọ́wọ́. Bàbá rẹ yẹ inú rẹ̀ wò, ó ní táyà dà. Bàbá tó ń tún rédíò ṣe ló so ó mọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ mi kó máa yí i dípò ẹsẹ̀ mi, tó ṣàlàyé pé ojú kékeré kan wà lára mọ́tò náà tó ń sọ ibi tó dé fún pátákó wáyà tí o ṣe láti darí rẹ̀, pátákó á sì ní ó tó, dúró. Láàárọ̀ mo máa ń kí i kí n tó jókòó, nítorí ohun tó gbọ́ràn tó bẹ́ẹ̀ yẹ lẹ́ni à ń bọ̀wọ̀ fún.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gbọ́ irú ìró ẹ̀rọ mi ní ìsọ̀ Ìyá Onígíláàsì, aránṣọ tó kọjú sí wa, tí a jọ ń du oníbàárà. Orúnkún ń dun òun náà. Mo mú ọ̀pá mi, ó di ọ̀dọ̀ bàbá onírédíò, mo ní kí ló dé tó fi jí iṣẹ́ ọmọ mi fún ọ̀tá mi. Kò bínú. Ó ṣí fóònù rẹ̀, ó ka ohun tí o kọ sábẹ́ àwòrán pátákó náà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì: "Ẹ mú un, ẹ ṣe é, ẹ tún un ṣe, kí ẹ sì fún ẹlòmíràn." Mo ní kó tètè da ojú fóònù náà bolẹ̀ kí ará ọ̀nà má bàa rí i. Ó ní àwọn tí kò gbọ́ èdè wa pàápàá ti rí i. Ó ní mọ́tò tèmi máa ń gbọ̀n kó tó dúró, òun rí àṣìṣe nínú ìṣirò rẹ, òun kọ̀wé sí ọ. Mo ní ta ló gbà á láyè láti tún ọmọ mi kọ́. Ó ní ìwọ ni, pé o tilẹ̀ dúpẹ́.

Ọmọ mi, mo jókòó sórí àpótí rẹ̀. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ máa ń rán wa lọ pọnmi bó bá fẹ́ gé kọ́là ẹ̀wù; ojú ihò kọ́kọ́rọ́ ni mo ti wò ó kọ́. Èmi náà fi í pamọ́ fún ogún ọdún, mo sì ń rẹ́rìn-ín sínú bí kọ́là Ìyá Onígíláàsì bá wọ́. Lánàá mo sọdá lọ bá a, mo gé ọ̀kan lójú rẹ̀. Ó wò ó títí, ó ní, "Ṣé gbogbo rẹ̀ náà nìyí?" Mo ní gbogbo rẹ̀ náà nìyí. Ojú tì mí.

Bí ọwọ́ rẹ bá ká a, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún òwú mi, àti fún òjé tí bàbá onírédíò fi ń jó wáyà pọ̀, nítorí ẹni tó ń rán bàtà ti ń bèèrè mọ́tò tirẹ̀. Ohun tí o fi tọrẹ kò ní tán lọ́wọ́ rẹ. Ẹni tó bá rí àṣìṣe rẹ, ìfẹ́ ni yóò fi sọ ọ́ fún ọ.

Èmi ni ìyá rẹ.