Ìpayà Kì Í Mọ́ Ọkàn Lára

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ òjò kan ní ọdún 1950 ni a bí olóògbé ìyá wa, nínú yàrá tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ. Ìyá tó bí wọn ló ni ṣọ́ọ̀bù náà. Awakọ̀ akẹ́rù ni bàbá wọn. Àwọn ni àkọ́bí, àbúrò wọn ọkùnrin kan ṣoṣo, káfíńtà, sì wà láàárín wa lónìí. Bí ẹgbẹ́ wọn bá ń ṣeré ní títì, abẹ́ tábìlì ìránṣọ ni ìyá wa yóò wà, tí wọn yóò máa fi awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá wo ìyẹ́ eṣinṣin.

Ní 1973, wọ́n gboyè nínú ìmọ̀ nípa ohun ẹlẹ́mìí, wọ́n sì di olùkọ́.

Ní 1974, wọ́n fẹ́ panapaná kan, aláwàdà ènìyàn tó sọ fún àwọn àna rẹ̀ pé, “Bí ọbẹ̀ ìyàwó mi bá jóná, a ò ní wá panapaná jìnnà.” Ọmọkùnrin kan ni Ọlọ́run fi ta wọ́n lọ́rẹ. Ilé wọn kò jìnnà sí ibùdó panapaná. Bí agogo iná bá ti dún, àyà bàbá á là gààrà, wọ́n á fò dìde pẹ̀lú bàtà kan lẹ́sẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n ní àwọn fẹ́ fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ìyá wa ló pàrọwà fún wọn: “Ẹ fara dà á díẹ̀ sí i, bàbá ọmọ mi. Ó máa mọ́ yín lára.”

Ní 1985, bàbá ṣubú lulẹ̀ nínú ọgbà ibùdó náà, wọn kò sì dìde mọ́. Dókítà ní iṣan ọkàn wọn ti nípọn ju bó ṣe yẹ lọ.

Ọ̀rọ̀ tí ìyá wa sọ yẹn kò jẹ́ kí wọ́n rí oorun sùn. Wọ́n padà sí yunifásítì, wọ́n sì wọ láàbù tí wọ́n ti ń tọ́jú sẹ́ẹ̀lì ọkàn eku nínú àwo pẹlẹbẹ. Bí ẹnikẹ́ni bá fi ipá ṣí ilẹ̀kùn àpótí sẹ́ẹ̀lì, ìyá wa á ní, “Ẹ rọra!” Ìdí nìyẹn tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ wọn fi ń pè wọ́n ní Màmá Ẹ-rọra. Wọ́n máa ń ṣàlàyé pé bí ẹ̀rù bá bani, ara á tú adirẹnalíìnì sínú ẹ̀jẹ̀. Á kan ilẹ̀kùn sẹ́ẹ̀lì ọkàn, iṣẹ́ tó jẹ́ á sì dé ọ̀dọ̀ àwọn jíìnì, ìyẹn àṣẹ tí a jogún. Àwọn kan tó ti sùn láti ìgbà tí a ti bíni á jí. Sẹ́ẹ̀lì á wá máa sanra, bí ẹni tó ń kọ́ yàrá kún ilé tí kò sẹ́ni tó fẹ́ gbé ibẹ̀. Ohun tí ìyá wa ń wá kò ju ẹyọ kan lọ: bí ìpè náà kò bá dáwọ́ dúró, ṣé ó lè mọ́ ọkàn lára?

Ní 1992, ó jọ pé wọ́n rí ìdáhùn. Wọ́n da oògùn tó ń ṣe bí adirẹnalíìnì sínú àwo, àwọn jíìnì jí. Nígbà tó ṣe, wọ́n tún padà sùn. Gbogbo láàbù yọ̀. Ọ̀gá wọn ní kí wọ́n múra àtisọ̀rọ̀ níwájú àpèjọ àwọn onímọ̀. Ọjọ́ náà ni ìyá wa tó sùn títí ilẹ̀ fi mọ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu wọn kọ́ ló pa ọkọ wọn.

Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni wọ́n máa ń to ìgò oògùn sí, nítorí ìmọ́lẹ̀ tó ń tàn nínú ìgò jẹ́ alábàárò fún ẹni tó ń dá ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ kan, wọ́n rí i pé oògùn tó mọ́ bí omi ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Oòrùn àti afẹ́fẹ́ ti bà á jẹ́. Agbára tó kù nínú rẹ̀ kò tó nǹkan. Kì í ṣe pé ìpè ti mọ́ ọkàn lára. Ẹni tó ń pè ló ti yadi.

Àbúrò wọn ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló bi yín? Ẹ dákẹ́ jàre, kẹ́ ẹ gba ìyìn yín.”

Wọ́n fèsì pé, “Ọkọ mi ló bi mí.”

Wọ́n tún iṣẹ́ náà ṣe látìbẹ̀rẹ̀, inú òkùnkùn ni wọ́n ń tọ́jú oògùn sí, ojoojúmọ́ ni wọ́n sì ń pààrọ̀ rẹ̀. Àwọn jíìnì kò sùn mọ́. Àwọn sẹ́ẹ̀lì nípọn, òmíràn sì kú. Ìyá wa dìde níwájú àpèjọ, wọ́n sọ pé àwọn ṣì í ṣe. Kò sẹ́ni tó bá wọn rìn jáde.

Ní ti ìgbàgbọ́, ìjókòó ẹ̀yìn ni tiwọn nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ní àdúgbò, wọ́n ń bá àwọn aládùúgbò yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò. Wọn kò tún sọ fún ẹnikẹ́ni mọ́ pé ìyà yóò mọ́ ọn lára.

Ní 2006, ọmọ wọn, tó ń wa ọkọ̀ tó ń gbé aláìsàn, ní bí fóònù bá ti dún, àyà òun á máa lù kì-kì-kì. Ìyá wa wọkọ̀ lọ bá a, wọ́n jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, wọ́n ní àwọn kò ní lọ àfi bó bá fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ó fi í sílẹ̀, ṣùgbọ́n inú bí i gidi. Ọ̀pọ̀ ọdún ni kò fi dé ilé ìyá rẹ̀. Àwo oúnjẹ kan, ife kan, ṣíbí kan ni wọ́n ń fọ̀. Bí àbúrò wọn bá fẹ́ bá wọn bẹ̀ ẹ́, wọ́n á ní, “Jẹ́ kó máa bínú. Ẹni tó wà láàyè ló ń bínú.”

Ìyá wa sùn nínú Olúwa ní 2023. Wọ́n fi àbúrò kan, ọmọ kan, ìyàwó ọmọ àti ọmọ-ọmọ mẹ́ta sáyé lọ. Dókítà ti yẹ ọkàn ọmọkùnrin wọn wò, kò nípọn. Òun ló di orí pósí mú lónìí.

Ẹ sùn wọra, ìyá wa. Kí Ẹlẹ́dàá tẹ́ ibùsùn yín síbi tí jìnnìjìnnì kò ti lè kan ilẹ̀kùn.