Irúgbìn Tí Ọlẹ̀ Inú Rẹ̀ Ti Kú

Èmi tí gbogbo ìlú mọ̀ sí Ìyá Onírúgbìn, opó gbẹ́nàgbẹ́nà, ìyá ọmọ méjì, ni mo kọ ìwé ìhágún yìí. Ara ti di hẹ́gẹhẹ̀gẹ, ṣùgbọ́n orí mi pé, ojú mi sì ń rí abẹ́rẹ́ nílẹ̀. Ẹ̀yin méjèèjì tí mo yàn láti mú un ṣẹ, olùkọ́ tó ń gbé òkè ilé mi àti agbẹjọ́rò, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹkún yí yín lọ́kàn padà. Ẹ mọ ẹni tí mò ń bá wí.

1. Ilé mi àti yàrá irúgbìn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ di ti àbíkẹ́yìn mi obìnrin. Òun ló máa ń ka ọgọ́rùn-ún irúgbìn sórí aṣọ tútù, tí kì í gbà kí á tà wọ́n àfi tó bá rí i pé wọ́n hù.

2. Òun náà ló ni ọ̀bẹ kékeré mi àti dígí tó ń sọ nǹkan di ńlá. Bàbá wọn ló ra dígí náà, lẹ́yìn tí mo la ẹ̀wà rírẹ kan sí awẹ́ méjì lójú rẹ̀, tí mo fi ọlẹ̀ tó sùn sínú rẹ̀ hàn án: gbòǹgbò bíńtín, ewé méjì tó ká jọ bí ọwọ́ ìkókó. Mo ní awẹ́ méjèèjì ni oúnjẹ tí ìyá rẹ̀ dì fún un, tí yóò máa jẹ títí ewé rẹ̀ yóò fi rí oòrùn. Ó ní òun ò ní lè jẹ ẹ̀wà mọ́ láyé. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó jẹ abọ́ méjì. Mo fẹ́ràn ọkùnrin yẹn.

3. Ní ti àkọ́bí mi ọkùnrin. Lọ́dún tó kọjá, òjò dé bá irúgbìn tí kò tíì gbẹ. Dípò kó sá wọn sí atẹ́gùn, ó dà wọ́n sórí páànù, ó dáná sábẹ́ rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ó fi aró pupa pa wọ́n lára kí wọ́n lè dán, ó kọ orúkọ mi sára àpò, ó sì tà wọ́n kí àbúrò rẹ̀ tó dán wọn wò. Àgbẹ̀ mẹ́tàdínlógún ló gbìn wọ́n. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹyọ kan kò yọrí. Opó kan fọwọ́ hú tirẹ̀ jáde, ó dà wọ́n sórí tábìlì mi. Mo là wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọlẹ̀ inú wọn ti dúdú, ó rọ̀ pẹ̀tẹ̀ bí ìdin, ó ń rùn. Mo bì. Nígbà tí mo pe ọmọ mi, ẹ̀rín ló rín, ó ní, Màmá, èèpo rẹ̀ ṣáà dára. Láti ọjọ́ náà ni ọwọ́ rẹ̀ ti ń rí mi lára. N kì í gba omi lọ́wọ́ rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ bàbá rẹ̀ nìkan ni kí ẹ fún un, kó gùn ún dé ilé àgbẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kó fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́.

4. Ewúrẹ́ mi mẹ́ta di ti opó náà. Gbogbo irúgbìn rere tó bá kù, ẹ pín in fún àwọn mẹ́tàdínlógún kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé.

5. Ẹ yọ pátákó tó ní orúkọ mi lẹ́nu ọ̀nà, kí ọmọbìnrin mi fi tirẹ̀ síbẹ̀. Tèmi kò mọ́ mọ́. Ní ọjọ́ mẹ́ta tí iná fi ń jó yẹn, inú yàrá mi ni mo wà. Àádọ́ta ọdún lẹ́nu iṣẹ́ yìí, n kò lè ṣi òórùn irúgbìn tó ń jóná mọ̀. Mo mọ̀ ọ́n. Àkọ́bí mi ni. Mo dìde, mo pa fèrèsé dé.

Mo fọwọ́ ara mi sí i, lọ́jọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta, ọdún tí mo pé ọgọ́rin ọdún ó lé kan.
Ìyá Onírúgbìn

Ẹlẹ́rìí: Nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú mi
Ẹlẹ́rìí: Aránṣọ tó ń gbé ọ̀kánkán ilé mi