Rọ́bà Tí Wọ́n So Mọ́ Gọ́fánọ̀

Ilé Alhaji Sàlàhúdíìnì,
Kemta, Abẹ́òkúta.
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn Iléyá.

Abdulkabir, ọmọ mi àtàtà,

Asalaamu alaekun. Mo kí ọ, mo kí Haleemah ìyàwó rẹ, mo kí Ameenah ọmọ ọmọ mi. Ẹ kú ooru Kàdúná o. Mo gbàdúrà kí lẹ́tà yìí bá yín nínú àlàáfíà, kí ara yín sì le ju tèmi lọ. Tèmi náà kò burú jù. Mò ń jẹun, mò ń kírun, àmọ́ ó ti rẹ̀ mí. Kì í ṣe irú àárẹ̀ tí oorun ń mú kúrò. Mo sùn, mo jí, ó ṣì wà níbẹ̀.

Mo mọ ohun tí o fẹ́ kí n sọ. Láti ìgbà tí mo ti ilé ẹ̀rọ pa lo ti ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ béèrè ọjọ́ tí màá ṣí i. O ní ẹ́ńjìnnì tí bàbá rẹ fi lọ ata títí tó fi rán yín níwèé kò gbọdọ̀ kúrò nílé wa láéláé. Ohun kan náà ni Akóredé, àbúrò bàbá rẹ, ń sọ. Èmi nìkan ni mo fẹ́ kó lọ. Jọ̀wọ́, ka lẹ́tà yìí tán kí o tó dá mi lẹ́bi.

O ti pẹ́ lẹ́yìn odi, bóyá o ti gbàgbé ohun tó ń jẹ́ gọ́fánọ̀. Kì í ṣe Gómìnà tó wà ní Òkè-Mosàn ni mò ń wí o. Ìyẹn ní mọ́tò àti ọlọ́pàá, tiwa ò ní ju irin méjì àti sípíríǹgì lọ. Bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí ni irin méjèèjì ń yí. Bó bá ń sáré jù, wọ́n á ya síta, wọ́n á fa ọ̀pá kékeré kan, ọ̀pá náà á sì dín dísẹ́ẹ̀lì kù. Bí ata bá pọ̀ lẹ́nu ẹ̀rọ tí ẹ́ńjìnnì fẹ́ kú, irin á padà wọlé, epo á pọ̀ sí i. Bàbá rẹ máa ń sọ pé, "Ìyá Kabiru, ohun tó bá lágbára tí kò sí ẹni tó ń dá a lọ́wọ́ kọ́, sá fún un." Ó ń wo ẹ́ńjìnnì sọ ọ́, àmọ́ èmi máa ń rò pé àwọn ẹbí rẹ̀ ló ń bá wí.

Àwọn tó ń lọ ata nílùú yìí ní ọgbọ́n kan tí ìwọ náà mọ̀. Bí èrò bá ti pọ̀, wọ́n á gé rọ́bà lára tíúbù ògbólógbòó, wọ́n á fi so ọ̀pá gọ́fánọ̀ kó má lè dín epo kù mọ́. Ẹ́ńjìnnì á máa ké, ata á máa yára jáde, oníbàárà á sì máa yìn ọ́. Bàbá rẹ kò so ó rí títí ọlọ́jọ́ fi dé. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Alhaji Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kò sì bínú sí orúkọ náà.

Nígbà tó ku ọ̀la Iléyá, èrò kún ilé ẹ̀rọ wa dé ojú títì. Bàsíà ata, tòmátì àti àlùbọ́sà to lọ bẹẹrẹ. Akóredé wá ràn mí lọ́wọ́, nítorí apá mi ò gbé garawa bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Inú mi dùn sí i gan-an. Kò pẹ́ tí mo rí i tó fa rọ́bà yọ lápò, tó bẹ̀rẹ̀ sí so gọ́fánọ̀.

O mọ ipò mi nínú ilé yẹn. Ọmọ iléèwé ni Akóredé nígbà tí wọ́n gbé mi wọlé bí ìyàwó, èmi ni mo ń fọ aṣọ iléèwé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé ni mo bá a, ọkọ mi ni, ìyàwó ilé kì í sì í pàṣẹ fún ọkọ lójú èrò. Mo kúnlẹ̀ díẹ̀, mo ní, "Ọkọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n yín kì í so ó." Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìyàwó wa, ẹ fọkàn balẹ̀ jàre. Ṣé ẹ fẹ́ kí àwọn tó wà ní òdìkejì gba gbogbo kọ́sítọ́mà wa lọ ni?" Mo padà sídìí bàsíà mi, mo kẹ́yìn sí ẹ́ńjìnnì. Àwọn obìnrin ń pàtẹ́wọ́ fún un bí ata ṣe ń ya jáde.

Yasir tó ń bá wa tún ẹ́ńjìnnì ṣe ló wá ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀ fún wa nígbà tó yá. Ó ní rọ́bà yẹn já, ó wé mọ́ ọ̀pá gọ́fánọ̀, ó sì há a mọ́ ibi tí epo ti pọ̀ jù. Bí ẹ́ńjìnnì ṣe bẹ̀rẹ̀ sí sáré àsápajúdé nìyẹn. Èrò fọ́n ká. Akóredé alára ti dé ojú títì, bàtà ẹsẹ̀ kan ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Wọ́n ní gbogbo wọn ń pariwo orúkọ mi.

Èmi ń da ata sínú bàsíà Lydia, tíṣà kan tó ń gbé ní Igbein. Nígbà tí mo gbójú sókè, mi ò rí Lydia mọ́. Mi ò rí ẹnì kankan. Mo rò pé àgbò kan ló já okùn. Omi inú garawa tó ń gbọ̀n ló mú mi yíjú wẹ̀yìn. Èéfín dúdú ti bo ògiri, kẹ̀kẹ́ ńlá ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì sì ń yí débi pé ojú ò rí irin ara rẹ̀ mọ́. Bẹ́líìtì já, ó gba ẹ̀gbẹ́ orí mi kọjá, ó ya páànù òkè. Mo gbé àpò tútù tí a fi ń nulẹ̀, mo kì í bọ ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń fa atẹ́gùn, mo fi gbogbo ara tì í mọ́ ibẹ̀. Bàbá rẹ ló kọ́ mi. Ẹ́ńjìnnì mì tìtì, ó wúkọ́, ó kú.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti di akọni ní Kemta. Wọ́n ní ọkùnrin sá, Ìyá Kabiru ò sá. Lydia wá kí mi, ó ní òun ti fi mí ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn ọmọ kíláàsì òun. Ìmáàmù pàápàá mẹ́nu bà á nínú wáàsí. Mo kàn ń rẹ́rìn-ín ni. Abdulkabir, mi ò ní ìgboyà kankan. Mi ò gbọ́ ni.

Mi ò gbọ́ ẹ́ńjìnnì tó ń ya wèrè lẹ́yìn mi. Mi ò gbọ́ ohùn gbogbo àdúgbò. Ẹ̀rù tó bà mí lẹ́yìn ìgbà yẹn ju ti ẹ́ńjìnnì lọ, mo bá lọ sí ọsibítù láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Dókítà kan, ọmọ jẹ́jẹ́ tó ń jẹ́ Fisáyọ̀, sún mọ́ mi dáadáa kó tó sọ̀rọ̀. Ó ní ariwo ẹ̀rọ ti jẹ etí òsì tán, díẹ̀ ló ṣẹ́ kù ní ọ̀tún. Ó ní bí mo bá padà sídìí ẹ́ńjìnnì, ìyẹn náà á lọ.

Akóredé ní kí n fi òwú dí etí, ká máa bá iṣẹ́ lọ. Mo mọ̀ pé ìwọ máa ní kí n gba òṣìṣẹ́. Ta ni yóò máa ṣọ́ òṣìṣẹ́ náà, èmi tí mi ò gbọ́ ìgbà tí ẹ́ńjìnnì fẹ́ pa mí? Mo ro ó títí ó fi sú mi. Má rò pé mo ti gbàgbé bàbá rẹ. Láti ìgbà tó ti kú ni mo ti máa ń kí ẹ́ńjìnnì yẹn láàárọ̀ kí n tó tan án, bí aṣiwèrè. Ṣùgbọ́n mo ti tà á. Yasir àti àwọn ènìyàn rẹ̀ wá gbé e lọ lánàá. Akóredé bínú, ó ní mi ò bọ̀wọ̀ fún ìdílé. Mo gbọ́ ìyẹn dáadáa, mi ò sì kúnlẹ̀.

Jẹ́ kí n sọ ohun tó mú mi lọ́kàn le. Lọ́jọ́ Iléyá, ẹ pè mí, ẹ gbé fóònù fún Ameenah. Ó sọ̀rọ̀, ó sọ̀rọ̀, èmi ń ṣe "Àmín, àmín", nítorí mo rò pé àdúrà ló ń ṣe fún mi. Lẹ́yìn náà ni Haleemah kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi pé ọmọ náà ń sunkún. Ó ní ohun tó ń bi mí ni pé, "Màmá àgbà, ìgbà wo lẹ máa wá wò mí?" Ó bi mí léraléra, èmi ń ṣe àmín. Etí díẹ̀ tó ṣẹ́ kù fún mi yìí, ọmọ yẹn ló ni ín. Mò ń bọ̀ ní Kàdúná bí mo bá ti rí ẹni tí yóò máa ṣọ́lé. Kí ó jókòó sọ́wọ́ ọ̀tún mi, kó tún un bi mí.

Ọlọ́run á dá ẹ̀mí rẹ sí, á ṣọ́ ilé rẹ, á jẹ́ kí ọmọ rẹ sin ìwọ náà dalẹ́. O ò ní rí àárẹ̀ tí kò ní ìsinmi.

Èmi ni ìyá rẹ tó bí ọ, tó sì fẹ́ràn rẹ,
Títílọlá.

Àfikún: Bí inú bá bí ọ nítorí ẹ́ńjìnnì, kọ ọ́ ránṣẹ́. Má fi fóònù bínú sí mi, nítorí àmín ni màá máa ṣe sí i.